Mo Gbàgbé Láti Pa Á

(fún Verna Pelletier, lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì)

Wọ́n ní kí kálukú sọ gbólóhùn kan, ká tó gé kéèkì.
Ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ tirẹ̀, ó wo ìwé kó tó sọ ọ́.
Èmi ò mú ìwé dání.
Ìgbálẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n mú, Verna, ìwọ náà mọ̀,
ìgbálẹ̀, àti kọ́kọ́rọ́ mẹ́tàdínlógójì,
àti ẹ̀rọ amúlégbóná abẹ́ ilẹ̀ tó ń wúkọ́ bíi bàbá arúgbó.

Ọdún tí o dé, inú dúróò onígi lorúkọ ìwé ń gbé,
káàdì lórí káàdì, wọ́n ń rùn bí ihò eku.
Lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ilé-ìwé
káwọn ọmọ Maine lè lọ ṣa pòtétò lóko,
o jókòó ti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ìjọba fún wa,
ìka méjì lo fi ń tẹ̀ ẹ́,
tá, tá, tá, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo,
káàdì ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá.
Mo ní, "Obìnrin yìí, ta ló rán ọ?"
O ní kí n gbé àpótí kejì wá.

O kọlà fún ìwé:
ìlà dúdú, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ìlà dúdú,
lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ
tí a ò fẹ́ kó sọnù lójú ogun.
Iná pupa kàn án, ó dún pín-ín,
ìwé sì jẹ́ orúkọ tí wọ́n pè é.

Ibẹ̀ lo ti bá Réal pàdé.
Ìwé ọkọ̀ ojú omi kan, tẹ́nikẹ́ni ò yá láti 1968,
káàdì àtijọ́ ṣì wà nínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀:
orúkọ àbúrò mi, lẹ́tà R rẹ̀ dojú bolẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yá a.
Ìkẹrin, ìyá wa ló lọ dá a padà.
O sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi nídìí ẹ̀rọ,
o ò sọ nǹkan kan, o nà án sí mi,
o gòkè padà lọ sídìí iṣẹ́ rẹ.
Ó wà nínú àpò mi báyìí.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ lo fẹ́ràn.
Irọ́ ni. Mo gbọ́ bí o ṣe ń bú wọn.
Lọ́jọ́ tí páìpù bẹ́, tí omi wọ yàrá,
o pe kọ̀ǹpútà lóhun tí n kò lè sọ níwájú àlùfáà tó jókòó yẹn,
o wá bọ́ kóòtù ọrùn rẹ, o fi dì í bí ọmọ tuntun,
o gbé e sáré gba inú yìnyín kọjá.

Ẹ jẹ́ n sọ ti àpótí kékeré ojú fèrèsé.
Ìdajì àwọn ọmọ wa ò ní íńtánẹ́ẹ̀tì nílé,
wáyà kì í dé ẹ̀yìn òkè.
Ìwọ lo gbé e kojú sí ibi tí ọkọ̀ ń sùn.
Bó bá di aago méje alẹ́, wọ́n á máa dé,
ẹ́ńjìnnì ń kùn bí ológbò,
ojú ọmọ á máa tàn búlúù lẹ́yìn gíláàsì,
bàbá á sùn lọ lórí ìtọ́kọ̀,
iṣẹ́ àṣetiléwá ń lọ.
Ìwé wá láti ọ́fíìsì: kí Armand máa pa á ní aago mẹ́sàn-án.
O kà á. O ní, "Armand, àgbà ti ń dé sí ọ, àbí?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
"Àgbàlagbà a sì máa gbàgbé nǹkan."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ọdún méje ni mo fi gbàgbé.
Ọ̀gá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Ó dáa, mo ti sọ ju gbólóhùn kan lọ.
Ẹni tó bá gba yàrá rẹ, màá fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́,
màá fi ibi tí àjà ti ń jò hàn án.
Lọ sétí adágún, Verna, má mú fóònù dání.
Mo wo fèrèsé kí n tó wọlé síbí:
iná kékeré aláwọ̀ ewé yẹn ń ṣẹ́jú.
Lálẹ́ yìí, màá rántí gbálẹ̀.
Màá rántí ti ilẹ̀kùn.